Áàkítọ̀ Kì Í Kú: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Ìjà Orí Tẹlifíṣọ̀n

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ eré ìjà orí tẹlifíṣọ̀n ni. Eré tí à ń wò ní apá kan lọ́sẹ̀ yìí, apá kejì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ni mo ń wí. Eré tí a ti ń yìnbọn, tí a ti ń fi ẹṣin lé ọlọ́ṣà, tí a ti ń fi ọfọ̀ dá ẹni tó ń bọ̀ dúró gbọnyin lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kì í ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí. Eré yẹpẹrẹ ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa, wọn a dárúkọ My Father's Burden, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí a gbé jáde ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 6 oṣù August 1960. Wọn a dárúkọ The Village Headmaster, iṣẹ́ Ṣẹ́gun Olúṣọlá, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Èkó ní 1968. Orúkọ rere ni méjèèjì, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà pé eré wo ló ń mú kí wọ́n yára pọnmi, kí wọ́n yára fọ abọ́, kí wọ́n lè sáré lọ jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ onítẹlifíṣọ̀n. Orúkọ mìíràn ni ẹ ó gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Eré tí a ń fojú tín-ín-rín yìí ní ìtàn; ó ní ìbátan nínú àṣà wa; ó sì ti bí ọmọ tí ayé ń yẹ́ sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé a fojú tín-ín-rín rẹ̀, a kò tọ́jú rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló bí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 1953, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ìgbà tí Nàìjíríà yóò gba ìjọba ara rẹ̀. Sir John Macpherson, Gómìnà nígbà náà, sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn olórí ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Ẹni tí a kò fún ní àgbàlá láti sọ̀rọ̀ ni yóò kọ́ ilé ti ara rẹ̀. Nígbà tí òfin gba ìjọba ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti Ìlú Òyìnbó dá òwò pọ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù October 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n fi ń tan àwòrán káàkiri: ọ̀kan wà lórí òkè Mápó, èkejì wà ní Àbáfọ̀n ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, kí ẹkùn Èkó náà lè rí àwòrán gbà.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé ní ọdún náà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò tíì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí pé kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù May 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ni wá ní 1959, nítorí náà WNTV jẹ́ ohun ìní tiwa gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ti ará Ìbàdàn. Énúgu ní tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù October 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an. Ní 1962, Kàdúná náà ní tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì dá ti Èkó sílẹ̀ ní oṣù April. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó, bí ẹni tó ń gbọ́ ìlù láti ojú agbo méjì.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ti wà, ìṣòro kan kù. Àsọyé àwọn olóṣèlú kò lè kún wákàtí tí tẹlifíṣọ̀n ní láti fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Kí ni a ó máa fi hàn? Láti ṣe eré tiwa, a ní láti wá òṣèré, aṣọ, iná, pákó àti ẹni tó mọ ẹ̀rọ lò. Owó rẹpẹtẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà àti ará Ìlú Òyìnbó ní fíìmù nílẹ̀. Wọ́n ti gba owó wọn padà lórí rẹ̀ ní ìlú wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá tún rí gbà ní ilẹ̀ òkèèrè, èrè lásán ni. Nítorí náà wọ́n ń tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní owó pọ́ọ́kú. Bí ọlọ́jà tó ti ta ojúlówó ẹja rẹ̀ láàárọ̀ ṣe ń fi ìyókù dọ́pọ̀ lálẹ́ ni. Báyìí ni àwọn kábọ́ọ̀ì, àwọn ọlọ́pàá inú àti àwọn amí ṣe wọ pálọ̀ wa.

Olórí wọn ni Bonanza. Ọjọ́ 12 oṣù September 1959 ni eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ méje péré kí WNTV tó tan iná rẹ̀. Ìtàn bàbá kan ni, Ben Cartwright, àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Adam, Hoss àti Little Joe, tí wọ́n ní oko màlúù ńlá kan tí ń jẹ́ Ponderosa. Àwọn olè a wá, àwọn oníjìbìtì a wá, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn a sá wá síbẹ̀. Ìbọn a dún, ẹṣin a sáré, òdodo a sì borí. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe é, títí di oṣù January 1973. Ẹ tún wo ìtàn náà dáadáa: bàbá, ọmọkùnrin mẹ́ta, ilẹ̀ ìdílé, àti àwọn tó fẹ́ já ilẹ̀ náà gbà. Èwo ló ṣàjèjì níbẹ̀ fún ará Ìkòròdú tàbí ará Ẹ̀pẹ́? Ẹni tó bá ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ rí yóò mọ Ponderosa láìjẹ́ pé ó gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ.

Ìdí kan nìyí tí eré ìjà fi wọlé ju àsọyé lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó ń wò ó nígbà náà kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìbọn kò nílò ògbufọ̀. Ẹni tó ń sá àti ẹni tó ń lé e, gbogbo ojú ló mọ̀ wọ́n. Bí ọmọ kan tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ bá sì wà níbẹ̀, a di alálàyé fún gbogbo ilé. Nígbà tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, a fi tirẹ̀ kún un, ìtàn a sì tún dùn sí i.

Àwọn ọmọ wa fún inú eré náà ní orúkọ tiwọn. Akọni tó ń jà fún òdodo, áàkítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Olórí àwọn ọ̀dájú, bọ́ọ̀sì ni. Òfin kan ṣoṣo ló sì de gbogbo rẹ̀: áàkítọ̀ kì í kú. Kí wọ́n so ó mọ́gi, kí wọ́n jù ú sódò, kí ilé wó lù ú, ẹ má mikàn, áàkítọ̀ kì í kú. Ẹ̀rín ni àgbàlagbà máa ń fi òfin yìí rín, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ńlá ló wà nínú rẹ̀: pé ìkà lè pẹ́ kó tó ṣubú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣubú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọwọ́ òyìnbó wá. Ìtàn ọdẹ kún ilẹ̀ Yorùbá kí a tó rí wáyà iná. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, kí ló wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe akọni, iwin, ìjà àti ìrìn àjò eléwu, tí ìṣòro kan kì í tán kí òmíràn tó dé? Ọladẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló L'ẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971; Lápàdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ni ó ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú ìwé méjèèjì. Ní 1967, ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ sọ eré àwọn òṣèré Yorùbá, tí ọmọdé ń yá lọ́wọ́ ara wọn. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni African Film gbé Lance Spearman wá, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń dé fìlà tó ń fa sìgá, ó sì di áàkítọ̀ inú ìwé.

Bí ó bá sì jẹ́ ìjà tòótọ́ ni a ń wá, ẹkùn tiwa ní i. Ní oṣù December 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ọba Kòsọ́kọ́ sì sá jáde. Ẹ̀pẹ́ ló fìdí kalẹ̀ sí pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń dẹ́rù ba àwọn tó gba ìtẹ́ rẹ̀, títí wọ́n fi wá bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù September 1854. Nígbà tí ó padà sí Èkó ní 1862, àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó di òní olónìí. Ní 1865 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ebi àti ìbẹ̀rù bo ìlú, kí Glover tó ń ṣàkóso Èkó tó rán ọmọ ogun wá ní oṣù March láti tú wọn ká. Ọkọ̀ ojú omi, ọba tó sá, ìlú tí a dó tì, ìrànlọ́wọ́ tó dé ní wákàtí ìkẹyìn: kí ni Bonanza ní tí a kò ní?

Ìgbà kan dé tí àwọn tiwa náà bọ́ sójú agbo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò ti ń wọ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Dúró Ládipọ̀ ṣe Bódé Wàásinmi. Moses Ọláìyá sì fi Aláwàdà pa gbogbo ilẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú eré ìjà, ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni Jímọ̀ Àlíù. Òun ló gbé Àrélù àti Yánpọnyánrin jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láàárín ọdún 1980 sí 1990. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti mọ Òjó Arówóṣafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Fádèyí Olóró, bọ́ọ̀sì tí ọmọdé ń bẹ̀rù tí wọ́n sì ń ṣe bí i rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àti Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú tí í ṣe Òrìṣàbùnmi.

Ẹ wo ọgbọ́n inú eré wọ̀nyẹn. Wọn kò ní owó tí wọn yóò fi ba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́, wọn kò ní ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìbọn. Akọni méjì a dúró lójú ara wọn, ọ̀kan a pe ọfọ̀, èkejì a fi ọfọ̀ dá a lóhùn. Ẹni tí ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tán ni yóò ṣubú. Ilẹ̀ wo ló tún wà tí ọmọdé ti ń jókòó sójú kan láti gbọ́ àrà inú èdè ìyá rẹ̀, tó sì ń pè é ní ìjà? Nígbà tí ẹnìkan bá ní láti pòórá, wọn a dá kámẹ́rà dúró, onítọ̀hún a kúrò níbẹ̀, kámẹ́rà a sì tún máa lọ. Ọgbọ́n kan náà ni Georges Méliès lò ní ilẹ̀ Faransé ní 1896 nígbà tí sinimá ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ayé yin Méliès, wọ́n pè é ní bàbá. Ti ilẹ̀ wa, a pè é ní eré yẹpẹrẹ.

Ní 1977, òfin ìjọba ológun kó gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀, WNTV sì di apá kan NTA. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, Gómìnà Látẹ́ẹ̀fù Jákàńdè, tí a bí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yẹn gan-an ní 1929, dá tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1980. Òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé ní òpin ọ̀sẹ̀, kì í sùn: ọgọ́ta wákàtí ni ó fi ń ṣiṣẹ́ láìdákẹ́. Fíìmù àti eré ní í kún irú wákàtí òru bẹ́ẹ̀. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ní epo di ọ̀rẹ́ gbogbo àdúgbò.

N kò ní ṣe bí ẹni pé àwọn tó ń bá eré wọ̀nyí wí kò ní ẹjọ́ kankan. Ní ọjọ́ 9 oṣù May 1961, Newton Minow, alága àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, fojú àwọn onítẹlifíṣọ̀n ìlú rẹ̀ rí màbo. Ó ní aṣálẹ̀ gbalasa ni wọ́n sọ tẹlifíṣọ̀n dà, ó sì ka eré kábọ́ọ̀ì, ìpànìyàn àti ìwà ipá mọ́ ohun tó sọ ọ́ di aṣálẹ̀. Àwa olùkọ́ náà mọ ohun tó ń wí. A ti rí ọmọ tó fi igi gún ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe áàkítọ̀. Ti ilẹ̀ wa tún ní ewu tirẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìyá arúgbó ni àjẹ́, awo ìbílẹ̀ sì ni ìkà. Ọmọ tó bá wo irú rẹ̀ ní alẹ́ lè máa fojú burúkú wo ìyá àgbà ilé kejì láàárọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí pé a ti fi irú ìfura bẹ́ẹ̀ ṣe àwọn ìyá wa ní ibi rí.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oògùn rẹ̀ ni kí àgbàlagbà jókòó ti ọmọ. Ní ayé àtijọ́, ẹni tó ń pa àlọ́ ìjàpá kì í lọ kó fi àlọ́ sílẹ̀ fún ọmọdé. Bí àlọ́ bá tán, a béèrè pé kí ni ẹ rí kọ́ níbẹ̀. Kí ló dé tí a kò lè bi í lẹ́yìn eré ìjà pé: ta ló jẹ̀bi? Ṣé ọ̀nà mìíràn kò sí ju ìbọn lọ? Ta ló sọ fún wọn pé ìyá yẹn ni àjẹ́? Eré tí a bá fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ parí kò lè ba ọmọ jẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni àìtọ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ eré ni a ń ṣe tí a sì ń wò ní wákàtí kan náà. Bí ó bá ti tán, ó tán. Nígbà tí téèpù dé, owó rẹ̀ wọ́n, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ máa ń pa èyí tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè gba òmíràn sí i. Ta ni yóò dá téèpù owó ńlá sí nítorí eré yẹpẹrẹ? Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ wo Bonanza láti apá kìíní yóò rí i rà, nítorí pé àwọn tó ni ín tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo gbogbo ohun tí a ṣe ní Ìbàdàn àti ní Èkó láàárín ọdún wọ̀nyẹn, fífọ́-fífọ́ ni yóò rí. Áàkítọ̀ tí kì í kú nínú eré kú sínú téèpù. Àwọn tó ṣe é sì ń lọ. Jímọ̀ Àlíù kú ní oṣù September 2020. Òrìṣàbùnmi tẹ̀lé e ní January 2021. Fádèyí Olóró náà lọ ní March 2023. Ohun tí wọn kò bá sọ fún wa, wọ́n ti gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ tí eré náà bí, nítorí pé ní Ìkòròdú ló bí i sí. Àwọn ọmọdé kan wà níbẹ̀ tí ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois. Àwọn ọmọ yìí a mú fíìmù ìjà tó náni ní owó gọbọi ní ilẹ̀ òkèèrè, wọn a sì tún un ṣe pẹ̀lú igi, korobá àti ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú ilé, títí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi bá ti òyìnbó mu. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Money Heist, eré ọlọ́ṣà ilẹ̀ Sípéènì. Ní 2020 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àpẹẹrẹ fíìmù Extraction. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Russo tó wà nídìí fíìmù náà rí i, wọ́n yìn wọ́n, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì rẹ̀. Netflix sì fi kámẹ́rà àti àwọn ohun èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún kan náà.

Kò sí ẹni tó fi àwọn ọmọ wọ̀nyí sílé ẹ̀kọ́ kábọ́ọ̀ì. Wọ́n wo eré ìjà, wọ́n gbádùn rẹ̀, wọ́n sì fi ojú inú wò ó dé ibi tí wọ́n ti rí bí a ṣe ń ṣe é. Irú ìgbádùn yìí náà ló ti mú ọmọ ìgbà Bonanza fi igi ṣe ẹṣin lójú pópó. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé lọ́jọ́ òní, ẹnìkan wà tó gbé kámẹ́rà sí wọn lójú, tó sì tọ́jú ohun tó rí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Bí téèpù eré àtijọ́ bá wà ní ìsàlẹ̀ àpótí yín, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí yóò gbà á sílẹ̀ kí ìgbóná àti èbu tó jẹ ẹ́ tán. Bí àgbàlagbà tó bá ẹgbẹ́ alárìnjò ṣiṣẹ́ bá wà ní àdúgbò yín, ẹ rán ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sí i pẹ̀lú ìwé àti gègé, kó bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní kámẹ́rà lọ́wọ́, Kòsọ́kọ́ ń dúró dè yín ní Ẹ̀pẹ́, ogun 1865 sì ń dúró dè yín ní Ìkòròdú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é ní eré yẹpẹrẹ, ẹ jẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣáà ti rí i pé ẹ tọ́jú rẹ̀.